Ìrẹ́pọ̀ àti Àmúlùmálà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Bí ènìyàn bá gbéra ní Òṣogbo tí ó kọjú sí ìhà àríwá, yóò dé Ìkìrun; lẹ́yìn Ìkìrun ni Ìnísà, lẹ́yìn Ìnísà ni Òkukù, kí ó tó máa lọ sí Ọ̀fà. Ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, agogo ilé ìsìn a máa dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìpè àdúrà a máa ti mọ́ṣáláṣí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, bàtá a sì máa ké nígbà tí ọdún egúngún bá dé. Àlejò tí ó bá kọjá a máa yìn wá pé a mọ ìwà á hù sí ara wa. Ìyìn náà tọ́ sí wa dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da ọkàn àwọn Onígbàgbọ́ láàmú láti ọjọ́ pípẹ́: níbo ni ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa parí sí, níbo sì ni àmúlùmálà ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù àmúlùmálà, ọ̀tá àlàáfíà ni. Àwọn mìíràn sì gbà pé Onígbàgbọ́ tí ó bá jẹ ẹran Iléyá ní ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ti ta ogún ìbí rẹ̀ bí Ísọ̀. Èmi kò rí i pé ìtàn gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ti dàgbà tó láti ronú, bá mi wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kí a tó máa dá ara wa lẹ́bi.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù November, ọdún 1878, ogun ńlá kan jà ní Ìkìrun, èyí tí a ń pè ní ogun Jálumi. Ìlọrin, Ìlá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni wọ́n para pọ̀ gbógun wá, nítorí pé abẹ́ Ìbàdàn ni Ìkìrun wà. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n sì kó àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wá gba ìlú náà sílẹ̀. Ìbàdàn ṣẹ́gun, àwọn tí ń sá lọ já sínú odò Ọ̀tìn, omi sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ. Láti inú èyí ni orúkọ ogun náà ti wá. Ní àkókò ogun wọ̀nyí ni àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n kó tọmọ-tọmọ, tẹrù-tẹrù, lọ sá sí Ìkìrun, níbi tí wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí àyè padà sí orí ilẹ̀ bàbá wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn tí ó jà. Ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ́míà ni Ìlọrin, lábẹ́ àsíá ẹ̀sìn Ìmàle ni a sì tẹ ìjọba rẹ̀ dó. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àwọn Ìmàle ni ó dìde sí àwọn abọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà náà, Mùsùlùmí ni òun náà; àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ṣe ọ̀rẹ́ Ìlọrin sì jẹ́ ọmọ Ògún àti ọmọ Ifá. Nígbà tí ogun náà sì di ti Kírìjì, tí ó ń jó bí iná ọyẹ́ ní ìtòsí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn tí ó ń sáré láàárín ibùdó méjèèjì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni Samuel Johnson àti Charles Phillips, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. Wọ́n ṣe é títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù June, 1886. Mùsùlùmí ń bá Mùsùlùmí jà, abọ̀rìṣà ń bá abọ̀rìṣà jà, àlùfáà Krístì sì ń bẹ gbogbo wọn. Johnson kan náà ni ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé ìlú, oyè, ọ̀nà òwò àti ẹrú ni wọ́n ń jà sí jù. Ẹ̀sìn kò ju ìdí kan lọ láàárín ọ̀pọ̀ ìdí.

Ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin ní apá Ìkìrun kò tán ní 1886. Ó di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter ti Èkó rin ìrìn àjò wá sí òkè, kí ibùdó ogun tó tú. Ní oṣù September ọdún 1893 yìí kan náà, àwọn aṣojú oríṣiríṣi ẹ̀sìn láti káàkiri ayé pé jọ ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti jíròrò bí ẹ̀sìn kan yóò ṣe máa bá èkejì gbé. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Èmi a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí mo bá gbé ìpàdé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkìrun. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ń sọ̀rọ̀ lórí àga ní Chicago. Ní odò Ọ̀tìn, àwọn tí wọ́n ti jọ jìyà tí wọ́n ti jọ sápamọ́ fún ọdún pípẹ́, láìbéèrè ẹ̀sìn ara wọn, ti ń di ẹrù wọn láti padà sílé.

Àwọn àgbà a máa sọ pé a bá Ifá láyé, a bá Ìmàle láyé, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní agbègbè yìí. Ẹ̀sìn Ìmàle ti bá àwọn oníṣòwò àti àwọn jagunjagun wọ ìlú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Jésù níbẹ̀. Ìgbàgbọ́ dé lẹ́yìn. Ìrìn rẹ̀ sì yá sí i nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ìlọrin. Nítorí bí wọ́n ṣe dé yìí, ẹ̀sìn kò pín ìlú sí àdúgbò-àdúgbò. Inú agbo ilé ni ó pín sí. Bàbá ń bọ Ṣàngó, àkọ́bí rẹ̀ ń kírun, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń lọ sí kíláàsì ìrìbọmi, ìyá wọn sì ń bọ òrìṣà ilé bàbá tirẹ̀. Ìsìnkú kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, oyè kan náà ni wọ́n jọ ń dù, gbèsè kan náà ni wọ́n sì jọ ń san. Karin Barber, obìnrin onímọ̀ tí ó gbé Òkukù fún ọdún mélòó kan láti 1974, tí ó sì kọ ìwé ńlá lórí oríkì ìlú náà ní 1991, bá irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó so ìrẹ́pọ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìsìn. Kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó sọ pé gbogbo ẹ̀sìn ọ̀kan ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ ìyá ẹni kò ní di ẹran ìgbẹ́ nítorí pé ó yí ẹ̀sìn padà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yìn wá kì í sì í rí i.

Inú ilé kan náà yìí ni àníyàn àwọn Onígbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú oríkì. Nígbà tí ìyá àgbà bá kí ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, orúkọ àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ni yóò kì í, àti òrìṣà tí ilé wọn ń bọ, àti ohun tí òrìṣà náà ṣe fún wọn. Ọmọ náà jẹ́ olórin nínú ìjọ. Ṣé kí ó di etí rẹ̀ ni? Ní Òkukù, àwọn ọmọbìnrin tí ń lọ sílé ọkọ, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́, a máa sun rárà ìyàwó, oríkì ilé bàbá wọn a sì máa jáde nínú rẹ̀ láìyọ òrìṣà sílẹ̀. Àwọn alàgbà ìjọ kan gbà pé ewu ni. Àwọn mìíràn gbà pé ìtàn ìdílé lásán ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé ọmọ Ọ̀fà tí a fi ìjàkadì kì kò fi dandan mọ ìjàkadì í jà.

Orúkọ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó yọ Ifá tàbí Ògún kúrò nínú orúkọ wọn tí ó fi Olú dípò rẹ̀, tí Fágbèmí di Olúgbèmí. N kò bá wọn wí. Ẹni tí ó ti inú òkùnkùn jáde mọ ohun tí ó ń sá fún. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà ńlá wà nínú ìjọ wa tí wọ́n jẹ́ orúkọ bàbá wọn títí wọ́n fi kú, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn ní ìdí ojúbọ.

Ọ̀rọ̀ Ìnísà tún le ju ti oríkì lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a ń pa, obìnrin akíkanjú kan ni Ọ̀tìn, tí ó ti Ọ̀tan wá láti gba Ìnísà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbógun tì í, tí ó sì di odò lẹ́yìn náà. A ń bọ ọ́ ní Ìnísà, a sì ń bọ ọ́ ní Òkukù. Olùkọ́ tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ tí a ní kí ó kọ́ àwọn ọmọ Ìnísà ní ìtàn ìlú wọn, báwo ni yóò ṣe ṣe é? Bí ó bá fo Ọ̀tìn, kò kọ́ wọn ní ìtàn. Bí ó bá sọ ọ́ bí ẹni tí ń bọ ọ́, ó ti ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Mo rò pé ọ̀nà kan wà: kí ó wí pé, ‘Báyìí ni àwọn bàbá wa ti gbà á gbọ́,’ kí ó sọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bọ Ọ̀tìn wà nínú kíláàsì náà.

Ohun tí ó wà lọ́rùn olùkọ́ yìí wúwo sí i lọ́rùn ọba. Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ọba ni ó ni gbogbo ẹ̀sìn. Ní Òkukù, ọba tí ó jẹ láti 1934 sí 1960, Moses Oyèwọlé Oyinlọlá, orúkọ Bíbélì ni ó ń jẹ́. Ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa, Onítẹ̀bọmi ni Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 sí 1975. Láoyè mọ ìlù í lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ nípa ìlù. A sì máa ń rí i níbi ọdún Ṣàngó àti ọdún egúngún ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní ilé ìsìn. Àwọn kan nínú ìjọ gbà pé ó rìn jù. Àwọn kan gbà pé ọba tí ó bá kọ apá kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọba mọ́. Ní tèmi, n kò lè fi ìwọ̀n kan náà wọn ọba àti ọmọ ìjọ lásán, nítorí pé ẹrù tí ó wà lórí wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n n kò sì lè wí pé àwọn tí ń bẹ̀rù kò ní ìdí.

Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ó ti rìn ní ọ̀nà tóóró yìí tí kò ṣubú sí apá kan? Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi. Ní 1821, ọmọdé ni ó jẹ́ nígbà tí àwọn agbẹ́rú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Fúlàní àti Ọ̀yọ́ Mùsùlùmí, kọ lu Òṣoògùn, ìlú rẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé wọn, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tọ́ láti kórìíra Ìmàle títí di ọjọ́ ikú, òun ni. Àádọ́ta ọdún kọjá. Láti November 1871 títí di February 1872, ó fi ẹsẹ̀ àti ẹṣin rìn láti Lọ́kọ́já lọ sí Bídà, láti ibẹ̀ gba Ìlọrin wá sí Èkó. Ní Ìlọrin, ó jókòó ní ààfin Ẹ́míà láàárín àwọn àlùfáà Ìmàle, wọ́n sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn rẹ̀.

Kò bá wọn jiyàn. Ìwé mímọ́ ní èdè Yorùbá ni ó fi dá wọn lóhùn, èdè tí gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ gbọ́. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Gébúrẹ́lì, áńgẹ́lì tí a rán sí Màríà, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n mọ orúkọ náà. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìbí Jésù láti inú wúńdíá, nítorí ó mọ̀ pé Kùránì náà sọ ọ́. Ibi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ti àwọn méjèèjì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sì fi Krístì pamọ́ kí wọ́n lè yìn ín. Nígbà tí ó di 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, a tẹ ìwé kékeré rẹ̀ jáde, nínú èyí tí ó ti sọ ohun tí ó ti rí láàárín àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn Ìmàle. Ó sì gba àwọn ajíhìnrere nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹra fún àríyànjiyàn tí ń bí ìbínú. Èyí ni mo pè ní ìrẹ́pọ̀: gbogbo àwọn tí ó wà ní ààfin lọ́jọ́ náà mọ ẹni tí Crowther jẹ́ nígbà tí ó wọlé, wọ́n sì tún mọ̀ ọ́n nígbà tí ó jáde.

E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ní Oǹdó, ṣe ohun tí ó jọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó lọ jókòó ti àwọn babaláwo, ó kọ́ ẹsẹ Ifá lọ́dọ̀ wọn, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí Ifá ní 1898, òmíràn sì tẹ̀ lé e lórí Ọ̀rúnmìlà. Àwọn kan bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí ó fi ń kọ́ ọ: ẹni tí kò mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ gbà gbọ́ kò lè wàásù fún un, kò sì lè bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ní 1914, àlùfáà àgbà kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Èkó, Archdeacon T. A. J. Ògúnbíyí (ẹ ṣàkíyèsí orúkọ rẹ̀, òun gan-an wà lára àwọn tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan), dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní Ẹgbẹ́ Ògbóni Onígbàgbọ́. Èrò rẹ̀ hàn gbangba. Ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ọmọ ìjọ ń wọ ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó tí ó ní àṣírí, ó sì wí pé àwọn bàbá wa ní tiwọn, kí a sọ ọ́ di mímọ́ kí a sì lò ó. Títí di ìgbà náà, Onígbàgbọ́ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1934, a yí orúkọ náà padà sí Ògbóni Àtúnṣe, a sì ṣí ilẹ̀kùn fún Mùsùlùmí àti fún àwọn mìíràn. Àwọn tí ó ṣe é wí pé ìṣọ̀kan ọmọ Yorùbá ni àwọn ń wá. Ọ̀pọ̀ ìjọ sì kọ̀ ọ́, wọ́n ní kí ọmọ ìjọ yan ọ̀kan.

Ohun tí ó ń ba àwọn ìjọ lẹ́rù kì í ṣe pé Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí jókòó pọ̀. Wọ́n ti ń jókòó pọ̀ ní ilé bàbá wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ìbúra ìkọ̀kọ̀ ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù: pé ìdè kan wà tí ó lè ju ìrìbọmi lọ, tí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò sì lè yẹ̀ wò. Crowther sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba ààfin. Ìyẹn ni ìyàtọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ síbẹ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ tí ó pariwo jù lórí Ògbóni kò sọ ohunkóhun lórí ẹgbẹ́ àṣírí àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Ògúnbíyí rí nìyẹn.

Ní ìran tiwa, ọ̀nà kẹta ti yọ, èyí tí kò fi ara pamọ́ rárá. Ní Èkó, láti àwọn ọdún 1970, ẹnì kan tí à ń pè ní Tela Tella bẹ̀rẹ̀ ìjọ Ifẹ́olúwa, níbi tí a ti ń ka Bíbélì àti Kùránì papọ̀. Ní 1999, Samsindeen Saka bẹ̀rẹ̀ Òkè Tùde lọ́nà tí ó jọ ọ́. Kríslám ni àwọn ènìyàn ń pè é. Àwọn tí ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ irú agbo ilé tí mo ṣàpèjúwe, tí bàbá wọn jẹ́ Mùsùlùmí tí ìyá wọn jẹ́ Onígbàgbọ́, tí ó sì rẹ̀ wọ́n láti máa yan ọ̀kan nínú òbí wọn. Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá wọn ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ní kí Bíbélì àti Kùránì máa sọ ohun kan náà, ọ̀kan nínú wọn ni a óò pa lẹ́nu mọ́. Bíbélì wí pé a kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Kùránì wí pé a kò kàn án mọ́ ọn. Olóòótọ́ Mùsùlùmí kò fẹ́ kí a fo tirẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ kí a fo tèmi. Ọ̀pọ̀ àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ni ó kọ Kríslám gẹ́gẹ́ bí àwọn olùṣọ́-àgùntàn ti kọ̀ ọ́, nítorí náà àníyàn yìí kì í ṣe ti Onígbàgbọ́ nìkan.

Mo wá dé ibi tí ó kan ẹ̀yin olùkọ́ jù, èyíinì ni ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa tiwa ná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ìjọ ni ilé ìwé wà, ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ mọ ìwé sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn wọlé pẹ̀lú orúkọ Sùlè tàbí Làmídì, wọ́n sì jáde pẹ̀lú Samuel àti James. Àwọn bàbá wọn rí i. Àwọn kan fi ọmọ wọn sílẹ̀ láìmọ̀wé nítorí ẹ̀rù yìí. Ní 1923, àwọn Mùsùlùmí kan dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, kí ọmọ wọn lè kàwé láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó kún inú ilé ìwé tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́. Àwa pè é ní iṣẹ́ ìjíhìnrere. Àwọn pè é ní ohun mìíràn.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé ìwé náà. Orúkọ ìjọ kù lára ògiri, ṣùgbọ́n owó ìjọba ni ó ń san owó oṣù. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti dùbúlẹ̀ bí ejò nínú koríko: ilé ìwé tí ìjọ kọ́, tí ìjọba ń bọ́, ti ta ni? Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 1991, tí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà nínú rẹ̀, ejò náà gbé orí sókè ní àkókò Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó ṣe ìjọba láti 2010 sí 2018. Ìjọba náà fi ọjọ́ ọdún tuntun àwọn Mùsùlùmí ṣe ọjọ́ ìsinmi, ó sì fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ní 2013, ó da àwọn ilé ìwé pọ̀ mọ́ ara wọn, àwọn Onítẹ̀bọmi sì fi ẹ̀hónú hàn ní Òṣogbo pé a ń pa ìrántí iṣẹ́ àwọn bàbá àwọn rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ híjáàbù dé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù June, 2016, Adájọ́ Jídé Fàlọlá ti ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba, títí kan èyí tí ìjọ dá sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ilé ìwé gíga Onítẹ̀bọmi ní Ìwó, àwọn ọmọ kan tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ wọ aṣọ àwọn akọrin àti aṣọ ìjọ oríṣiríṣi lọ sí kíláàsì. Àwòrán wọn kárí ayé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Ní tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí a wọ̀ ní ẹ̀wù àwọn akọrin láti fi jà jẹ́ ohun ìbànújẹ́, ẹni yòówù kí ó jàre. Ẹ̀wù ìyìn ni ẹ̀wù náà. Nígbà tí ó di ohun ìjà, àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ wọn kò rí Krístì nínú rẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè sọ fún àwọn òbí wọn pé àníyàn wọn kò nídìí. Wọ́n ti rí i pé ìfaradà tí à ń wàásù rẹ̀ lè túmọ̀ sí pé kí ẹnì kan ṣáà máa fi àyè sílẹ̀. Ohun tí bàbá Sùlè sọ ṣáájú 1955 gan-an ni èyí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù June, 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà gbọ́ ẹjọ́ tí ó ti Èkó wá lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Adájọ́ márùn-ún nínú méje gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ Mùsùlùmí.

Lákòókò gbogbo èyí, àwọn kan ti ń jókòó jíròrò ní ìdákẹ́jẹ́. Ní 1959, àwọn ìjọ dá ètò kan sílẹ̀ lórí ẹ̀sìn Ìmàle ní Áfíríkà, láti kọ́ àwọn Onígbàgbọ́ bí a ti ń lóye Mùsùlùmí. Ní 1965, ìjọ Páádì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ jáde láti Róòmù nípa àwọn ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti Krístì. Ní 1999, a dá ìgbìmọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn sílẹ̀ fún Nàìjíríà, ọmọ ìgbìmọ̀ 25 láti ọ̀dọ̀ Onígbàgbọ́, 25 láti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí, tí Sultan Ṣókótó àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Onígbàgbọ́ jọ ń darí. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ní ìjókòó nínú iye náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ní Òkukù ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni da ẹ̀sìn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Onígbàgbọ́ tí ó bá sá fún un nítorí ìbẹ̀rù àmúlùmálà ṣi ẹranko mú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ọmọ yóò tún tò sí iwájú yín ní àgbàlá: ọmọ alàgbà ìjọ, ọmọ Lèmọ́mù, àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ yóò ru igbá lọ sí odò Ọ̀tìn nígbà tí ọdún bá dé. Ìwọ ni yóò gbàdúrà. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì máa wò ọ́ lójú.